Àpótí Ìwárí Tí Ó Ń Sọ Pé Kò Sí

Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Lará mi, Àjọkẹ́,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mo mú jáde nílé ní Ọjọ́bọ̀. Bí mo ṣe ná an nìyí:

Ọ̀kadà lọ, ọ̀kadà bọ̀, ọjọ́ méjì: ₦160.
Káfè, wákàtí mẹ́ta ní Ọjọ́bọ̀: ₦360.
Káfè, wákàtí méjì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta: ₦240.
Ojú ìwé méjì tí wọ́n bá mi tẹ̀ jáde: ₦40.
Píọ̀wọ́tà méjì: ₦10.
Àpapọ̀: ₦810. Ó ku ₦190.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí o dá a padà. Orí wẹ́bùsáìtì rẹ ni mo ná an sí, mo sì fẹ́ kí o mọ iye tí ó ń ná àlejò kí ó tó rí ohun kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó yẹ kí ó mọ iye tí oníbàárà ń san fún ọkọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó dáa, mo wá kí ọ báyìí. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Ìgbògbò? Kúnlé ọkọ rẹ ńkọ́? Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ń rí oorun sùn, níwọ̀n bí iṣẹ́ tuntun yìí ti ń jí ọ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kí o tó lè bá ọkọ̀ Èkó. Ó ní kí o má fi ebi jáde. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.

O kọ̀wé sí mi pé kí n fi agolo méje tó kù ránṣẹ́, kí o lè ya àwọn négétíìfù inú wọn sínú kọ̀ǹpútà, bí o ti ṣe fún márùn-ún àkọ́kọ́. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ya fọ́tò ní Ẹ̀pẹ́ yìí. Nígbà tí mo ti sítúdíò pa, agolo méjìlá péré ni ọ̀rinrin kò tíì bàjẹ́, mo sì rò pé àyán ni yóò jogún gbogbo rẹ̀. Ìwọ ni o kó o jáde, ọmọ tó bí ara rẹ̀ ire. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi agolo kankan ránṣẹ́ títí tí wàá fi ka lẹ́tà yìí tán. Wá ibi jókòó sí. Ó gùn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, obìnrin kan wá bá mi nílé. Sìkírátù ni orúkọ rẹ̀, Ìyá Bàṣírù ni wọ́n ń pè é báyìí. Ó ń ta abọ́ ike àti kẹ́ẹ̀gì ní Ìtamaga, kò jìnnà sí yín. Ó gbọ́ pé ọmọ Bàbá onífọ́tò ti kó fọ́tò ayé àtijọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti lọ sí káfè lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú Bàṣírù ọmọ rẹ̀. Wọ́n tẹ orúkọ ìyá rẹ̀ sínú àpótí kékeré tó wà lókè wẹ́bùsáìtì rẹ, èyí tí a ń kọ ọ̀rọ̀ sí láti wá nǹkan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àpótí náà dáhùn pé kò sí. Ó wá wọ ọkọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́.

Kò pariwo. Ó mu omi tí ìyá rẹ gbé fún un, ó gbé ife kalẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí wọn yóò sọ fún mi pé ìyá mi kò ya fọ́tò."

Mo mọ ẹ̀ẹ̀kíní tó ń wí. Èmi ni. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyá rẹ.

Nígbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́n-ùn ni mo gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ìṣirò rẹ́ mi jẹ. Mo háyà yàrá kan nítòsí etí omi, mo fi aṣọ dúdú dí fèrèsé rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀gá mi ti kọ́ mi pé négétíìfù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tí a ha sí etí rẹ̀, kí nọ́ńbà yẹn náà sì wà nínú ìwé pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín. Mo jókòó, mo ṣírò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni nọ́ńbà kan ń gbà mí. Ní ogún fọ́tò lóòjọ́, wákàtí kan ti lọ nìyẹn. Mo ní wákàtí kan tó láti tún ya ẹni méjì. Mo pa nọ́ńbà tì.

Dípò orúkọ àti nọ́ńbà, aṣọ ni mo ń kọ sínú ìwé, nítorí òun ni mo máa ń rántí. Aláṣọ pupa. Aláṣọ búlúù. Onígèlè àwọ̀ ewé. Mo wá ń da àwọn négétíìfù sínú agolo bísíkíìtì, oṣù kan, agolo kan.

O ti rí ohun tí mo ṣe. Dúdú àti funfun ni fọ́tò ayé ìgbà náà. Nínú négétíìfù, aṣọ pupa àti aṣọ búlúù kò yàtọ̀ síra. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń kọ ìwé tí kò lè tọ́ka sí nǹkan kan, mo sì ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n.

Obìnrin kan wà tó ń yan ẹja ní etí omi níbí. Ó wá ya fọ́tò, kò padà wá gbà á, ikú dé. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n rán ọmọ rẹ̀ obìnrin sí mi, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá. Mo ṣí agolo kan, mo ṣí èkejì. Àwọn oníbàárà ń dúró, wọ́n ń wò mí. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Mo rò ó pé bí mo bá sọ pé mi ò rí i, wọn yóò tàn án káàkiri pé ọmọ tuntun yìí ń sọ fọ́tò nù. Mo wá sọ fún ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ kò ya fọ́tò lọ́dọ̀ mi.

Ó wò mí. Ó ní, "Bùrọ̀dá, èmi náà wà nínú fọ́tò yẹn. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má ṣẹ́jú."

Mo ní sítúdíò mìíràn ni, kí ó lọ wádìí dáadáa. Ó lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi lọ ju ọgbọ̀n lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òtítọ́ wá jókòó sínú pálọ̀ mi. Mo sọ fún Sìkírátù pé òótọ́ ni, mo yà á, torí pé mi ò rí i nígbà náà ni mo ṣe purọ́, àti pé kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan kò tó nǹkan lára èyí tí òun ti dúró. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tó gbé e wá. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ obìnrin, gbogbo ẹbí ló sì ń wí pé ó jọ ìyá àgbà. Ó ní, "Èmi nìkan ló kù tó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni, Bàbá. Mo sì ti ń gbàgbé ojú rẹ̀."

Àjọkẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gun ọ̀kadà lọ sí káfè, èmi tí n kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Ọ̀dọ̀ rẹ ni agolo oṣù yẹn wà, mo sì mọ̀ pé bí o bá ti yà á, yóò wà lórí wẹ́bùsáìtì rẹ.

Ọmọbìnrin tó ń bójú tó káfè náà bá mi ṣí i. Mo jókòó sí iwájú àpótí ìwárí, mo fi ìka kan tẹ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ jọ̀wọ́ mo ń wá fọ́tò ìyá kan tí ó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́ òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́yìn mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹ má kọ sítétímẹ́ǹtì fún un." Ó kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ló ń fẹ́. Mo fi wákàtí kan gbáko yí ọ̀rọ̀ padà síwá sẹ́yìn. Kò sí, kò sí, kò sí. Mo pa àpótí tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ojú ewé ní ìkọ̀ọ̀kan.

Fọ́tò irínwó ó lé méjìlá tó ṣì mọ́ ni o kó sórí rẹ̀, mẹ́wàá mẹ́wàá lójú ewé. Ojú ewé kan ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ó tó ṣí tán. Ní Ọjọ́bọ̀ mo dé ojú ewé ọgbọ̀n, ojú mi ń ṣe bàìbàì, mo lọ sílé. Mo padà ní àná. Ní ojú ewé kejìdínlógójì, mo rí obìnrin kan tó jókòó, ọmọdébìnrin kan dúró tì í, ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀ gbàgàdà bí ẹni tí wọ́n ní bó bá ṣẹ́ ẹ, ayé yóò bàjẹ́. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ojú tó fi wò mí ní ọjọ́ tí mo lé e lọ náà nìyẹn.

Ìwọ kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ojú Tí Ń Wo Ọ̀la. Ó tán. Kò sí orúkọ, kò sí ìlú, kò sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà dùn, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ta ni, nínú àwọn tó ń wá ìyá wọn, tí yóò tẹ ojú tí ń wo ọ̀la sínú àpótí? Ojú ewé méjìdínlógójì, ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin, ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́jọ ni. Náírà méjì ni ìṣẹ́jú kan ní káfè. ₦304 nìyẹn, láìka wákàtí tí mo fi tẹ ọ̀rọ̀ lásán. Bí o bá ti kọ Ìyá Sìkírátù sábẹ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú kan, náírà méjì.

Mo ní wákàtí kan àti díẹ̀ tí mo ti sanwó rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ó ṣòfò. Mo fi dán àpótí rẹ wò. Ohun tí mo rí, òun ni mo fẹ́ fi gbà ọ́ nímọ̀ràn.

Èkíní. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọkàn tìrẹ ni o wò kí o tó sọ àwọn fọ́tò wọ̀nyí lórúkọ. Ohun tí ẹni tó ń wá a yóò tẹ̀ ni kí o kọ. Bàṣírù tẹ Mọ̀níbátù, orúkọ tí wọ́n sọ ìyá àgbà rẹ̀. Ní etí omi, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Sìkírátù ni gbogbo ayé ń pè é, àwọn aláwìn rẹ̀ a sì máa pè é ní ìyá ẹlẹ́ja. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: kọ gbogbo rẹ̀. Kọ ọ́ pẹ̀lú àmì, kí o tún kọ ọ́ láìsí àmì, nítorí kọ̀ǹpútà káfè kò ní àmì.

Èyí tún pa mí lẹ́rìn-ín. Mo tẹ Ẹ̀pẹ́. Àpótí ní kò sí. Fọ́tò irínwó ó lé méjìlá, Ẹ̀pẹ́ ni a ti ya gbogbo wọn, kò sí ọ̀kan tí o kọ ọ́ sí. Mo mọ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ohun tí gbogbo ilé ti mọ̀, a kì í rántí kọ ọ́ sílẹ̀. Àlejò kì í ṣe ará ilé, ọmọ mi.

Èkejì. Mo tẹ ìyá nìkan, ó gbé mọ́kànlélọ́gọ́ta jáde, mi ò mọ èyí tí n óò mú. Mo tẹ ìyá àti àga papọ̀, ó ku mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́n ni ó ń dín ìrìn kù. Kọ gbólóhùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà kí àwọn arúgbó bíi tèmi lè mọ̀: ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ni kí ẹ tẹ̀, orúkọ tàbí iṣẹ́, ẹ má kọ ìtàn. Wákàtí kan ni gbólóhùn yẹn ì bá bá mi dín kù.

Ẹ̀kẹta. Àkọlé nìkan ni àpótí rẹ ń wò. O rántí ìtàn gígùn tí o kọ sábẹ́ fọ́tò ọ̀gá mi? Mo tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta láti inú rẹ̀, kò rí i. Mo tẹ àkọlé rẹ̀, ó gbé e wá wéréwéré. Sọ fún ẹni tó bá ọ ṣe é kí àpótí máa wo inú ìwé pẹ̀lú. Kí ó tó ṣe é, orúkọ ni kí ó máa jẹ́ àkọlé, kí ọ̀rọ̀ dídùn máa wá lẹ́yìn. Ọmọbìnrin káfè tún fi ọgbọ́n mìíràn hàn mí. Ó lọ sí ojúlé ìwárí ńlá tí gbogbo ayé ń lò, ó kọ orúkọ wẹ́bùsáìtì rẹ, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn tẹ̀ lé e. Ìtàn náà jáde. Ará ìta mọ inú ilé rẹ ju àpótí tìrẹ lọ! Má jẹ́ kí ó tì ọ́ lójú. Kọ ọ́ síbẹ̀ kí àwọn mìíràn lè gba ọ̀nà yẹn wọlé.

Ẹ̀kẹrin, òun ni ó dùn mí jù. Má jẹ́ kí àpótí yẹn sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kò sí. Kò mọ̀ bóyá kò sí. Ohun tó mọ̀ ni pé òun kò rí i. Ọ̀rọ̀ méjì ni, èmi ni mo mọ ohun tó wà láàárín wọn. Jẹ́ kí ó sọ pé: a kò tíì rí i, ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ sọ ẹni tó jẹ́ àti ibi tí wọ́n ń gbé. Kí o sì dá wọn lóhùn. Bí mo bá ti sọ "n kò tíì rí i" fún ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn, ì bá máa padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi ì bá sì ti wá a títí n óò fi rí i.

Ẹ̀karùn-ún. Wọ́n ní wẹ́bùsáìtì lè máa tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn bá tẹ̀ sínú àpótí. Béèrè rẹ̀. Máa kà á ní ọjọ́ Àìkú, pàápàá èyí tó dá ènìyàn padà lọ́wọ́ òfo. Mo mọ̀ pé Mọ̀níbátù wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Olówò tó ń ka iye tó tà nìkan, ìdajì ìwé ló ń kà.

Mo mọ ohun tí wàá sọ. Wàá ní, Bàbá mi, nígbà wo? Mo ti bá ọ ṣírò ó. Irínwó ó lé méjìlá, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí ogún àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì. Bí o bá ń fi wákàtí kan sí i lálaalẹ́, ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí mo fi ṣahun nígbà èwe mi nìyẹn, wò ó bó ṣe wọ́n tó lónìí. Má fi tuntun kún un kí o tó sọ àwọn tó wà níbẹ̀ lórúkọ. Èyí tí a kò bá mọ̀ nínú wọn, n óò gbé fọ́tò wọn ká etí omi, n óò máa béèrè. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwọn arúgbó ṣì kù níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pọ̀ mọ́.

Bí o bá sọ wọ́n lórúkọ tán, lọ sí káfè tí wọn kò ti mọ̀ ọ́, kí o wá wọn bí àjèjì. Má lo kọ̀ǹpútà ilé rẹ, ó ti mọ ìwà rẹ.

Ní báyìí, ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́. Awakọ̀ tí yóò gbé lẹ́tà yìí wá yóò fi lé ọ lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé. Yọ négétíìfù fọ́tò tó jẹ́ nọ́ńbà 374 lórí wẹ́bùsáìtì rẹ sọ́tọ̀ dè mí, fi bébà funfun wé e, má fi ọwọ́ kan àárín rẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́ jáde, èmi ni n óò ṣe é. Má gbé e lọ sí Ìtamaga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé yín ni. Mo mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ bá mi ṣe é kí n má bàa rin ìrìn àjò. Ẹnu mi ni mo fi lé e lọ, ẹsẹ̀ mi ni n óò fi tọ̀ ọ́ lọ. Mo ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ọkọ̀ àkọ́kọ́.

Ní àná, nígbà tí mo dé láti káfè, mo gbé ìwé oṣù yẹn jáde. N kò ṣí i rí láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti wá. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ń tan ara mi pé àsansílẹ̀ díẹ̀ ni ìyá rẹ̀ san, pé bóyá òun fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ san èyí tó kù. Ọwọ́ mi ni mo rí níbẹ̀, ó tò dáadáa: Aláṣọ pupa àti ọmọ rẹ̀. Fọ́tò mẹ́ta, náírà kan àti àádọ́ta kọ́bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Náírà mẹ́rin àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Ó san tán.

Ó san gbogbo rẹ̀ kí ó tó dìde lórí àga, Lará. Fọ́tò mẹ́ta ni mo jẹ ẹ́, mi ò sì tíì san ẹyọ kan.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.